Ìtàn Ìgbésí Ayé Mary Breckinridge, Agbẹ̀bí Elẹ́ṣin

Gbogbo ilé tí aláboyún bá wà ni a ti ń gbàdúrà pé kí a gbóhùn ìyá, kí a sì gbóhùn ọmọ. Àdúrà náà dára. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí ẹ ti dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn rí ní òru ìrọbí mọ̀ pé ọ̀nà jíjìn, odò kíkún àti àìsí ẹni tí ó mọṣẹ́ nítòsí ti sọ ayọ̀ ọ̀pọ̀ ìdílé di ọ̀fọ̀. Nítorí èyí ni mo ṣe yan ìtàn obìnrin ará Amẹ́ríkà kan fún ìwé ẹgbẹ́ wa ti ọdún yìí, ẹni tí ó fi ogójì ọdún bá irú ewu bẹ́ẹ̀ jà ní ilẹ̀ olókè kan tí mọ́tò kò lè wọ̀ nígbà tí ó kọ́kọ́ dé ibẹ̀.

Ní ọjọ́ 17 oṣù Kejì ọdún 1881 ni a bí Mary Breckinridge ní ìlú Memphis, ní ìpínlẹ̀ Tennessee. Ìdílé ńlá ni ó ti jáde wá. Bàbá bàbá rẹ̀, John C. Breckinridge, ti jẹ igbákejì Ààrẹ Amẹ́ríkà kí ó tó di ọ̀gágun fún àwọn ìpínlẹ̀ Gúúsù tí wọ́n gbé ogun dìde nítorí kí ẹrú níní má baà parí ní ilẹ̀ wọn. Bàbá tí ó bí i lọ́mọ jẹ́ aṣòfin, ó sì ṣe aṣojú orílẹ̀-èdè rẹ̀ ní Rọ́ṣíà láti 1894 títí di 1897. Mary lọ sí ilé ẹ̀kọ́ ní Switzerland, ó sì parí ẹ̀kọ́ rẹ̀ ní Connecticut. Ohun tí àwọn ẹbí ń retí lọ́wọ́ irú ọmọbìnrin bẹ́ẹ̀ ní ayé ìgbà náà kò ju pé kí ó gbọ́ èdè Faransé, kí ó mọ ìwà láàrin àwùjọ, kí ó sì rí ọkọ ọmọlúàbí fẹ́.

Ó fẹ́ ọkọ náà ní 1904, ṣùgbọ́n kò tíì pé ọdún méjì tí ọkọ fi kú mọ́ ọn lọ́wọ́. Opó ọ̀dọ́ yìí kò jókòó sílé. Ní 1907 ó wọ ilé ìwòsàn St. Luke's ní New York láti kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, ó sì yege ní 1910. Ní 1912 ó tún ọkọ fẹ́. Ó bí ọmọkùnrin kan ní 1914, tí wọ́n ń pè ní Breckie. Ní 1916 ó bí ọmọbìnrin kan, Polly, tí oṣù rẹ̀ kò pé. Ọmọ náà kò lò ju wákàtí díẹ̀ lọ láyé. Ní oṣù Kínní ọdún 1918, lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀ tí Breckie pé ọmọ ọdún mẹ́rin, àìsàn inú pa òun náà. Ẹ kíyè sí i pé nọ́ọ̀sì tí ó gba ìwé ẹ̀rí ni ìyá àwọn ọmọ wọ̀nyí, ọmọ olówó sì ni pẹ̀lú. Ìgbéyàwó náà tú ká ní 1920, Mary sì padà sí orúkọ bàbá rẹ̀. Láti ìgbà náà lọ, ọ̀rọ̀ ọmọdé àti ìyá ọmọ nìkan ni ó gbà á lọ́kàn.

Ní 1919, lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kìn-ín-ní, ó lọ sí Faransé láti ran àwọn tí ogun bà nílé jẹ́ lọ́wọ́. Ó rí i pé àwọn ọmọ kò rí wàrà mu, ó sì kọ̀wé sílé títí ó fi rí owó ra ewúrẹ́ fún wọn. Níbẹ̀ ni ó ti bá àwọn nọ́ọ̀sì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pàdé tí wọ́n jẹ́ nọ́ọ̀sì tí wọ́n sì tún jẹ́ agbẹ̀bí. Èyí jẹ́ ohun tuntun sí i, nítorí ní Amẹ́ríkà ìgbà náà, nọ́ọ̀sì kì í gbẹ̀bí. Dókítà ni ó wà fún un ní ìlú ńlá, àwọn ìyá àgbà sì ni ó wà fún un ní ìgbèríko. Mary rí i lójú ẹsẹ̀ pé bí a bá so iṣẹ́ méjèèjì pọ̀ mọ́ ènìyàn kan ṣoṣo, a óò rí ẹni rán lọ sí ibi tí dókítà kì í dé.

Ibi tí ó yàn ni àwọn òkè ìlà-oòrùn Kentucky, ìpínlẹ̀ àwọn baba ńlá rẹ̀. Kò sáré gbé iṣẹ́ náà kalẹ̀. Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ọdún 1923 ó gun ẹṣin káàkiri àwọn àfonífojì ibẹ̀, ó sì wádìí ọ̀rọ̀ wò lẹ́nu àwọn agbẹ̀bí ìbílẹ̀ 53. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ti darúgbó, wọn kò mọ̀wé, ẹlòmíràn kò sì mọ̀ pé ó yẹ kí a fi ọṣẹ fọ ọwọ́ kí a tó fi kan ìyá ọmọ. Ìròyìn tí ó kọ nípa wọn le. Lójú tèmi, ó le díẹ̀ ju bí ó ti yẹ lọ, nítorí àwọn ìyá àgbà wọ̀nyí ni wọ́n ń jí lóru tí wọ́n ń rìn nínú òjò dídì nígbà tí kò sí ẹlòmíràn tí yóò lọ. Ṣùgbọ́n a kò lè jiyàn pé bí ẹ̀jẹ̀ bá ń dà, tàbí tí gìrì bá mú aláboyún, wọn kò ní ohun kan lọ́wọ́ láti ṣe sí i.

Obìnrin tí ó ti lé ní ẹni ogójì ọdún yìí wá padà di akẹ́kọ̀ọ́. Ó kọjá sí Lọ́ńdọ̀nù, ó kọ́ iṣẹ́ agbẹ̀bí ní ilé ìwòsàn àwọn ìyá àti ọmọ ní Woolwich, ó sì gba ìwé ẹ̀rí. Ní 1924 ó lọ sí àwọn òkè àti erékùṣù Scotland láti wo bí ìjọba ibẹ̀ ti ń fi nọ́ọ̀sì sí àwọn abúlé tí ó jìnnà sí ara wọn. Ohun tí ó rí níbẹ̀ ni ó gbé wá sílé.

Ní oṣù Karùn-ún ọdún 1925 ni a dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀ ní Frankfort, olú ìlú Kentucky. Ní 1928 ni wọ́n yí orúkọ rẹ̀ padà sí Frontier Nursing Service. Agbègbè Leslie ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀, níbi tí kò sí títì ọlọ́dà kan ṣoṣo. Owó ogún tí ìyá Mary fi sílẹ̀ fún un wà nínú ohun tí ó fi bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó ń lọ láti ìlú ńlá dé ìlú ńlá, ó ń tọrọ owó lọ́wọ́ àwọn ọlọ́lá tí ó mọ orúkọ bàbá rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò fẹ́ kí àwọn ará òkè rò pé ọrẹ àánú ni a ń ṣe fún wọn. Àwọn ọkùnrin abúlé gé igi, wọ́n gbé òkúta, wọ́n sì bá wọn kọ́ ilé iṣẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ ti jáde fún iṣẹ́ ọ̀wẹ̀ nígbà tí ìlú ń kọ́lé yóò mọ̀ pé irú ilé bẹ́ẹ̀ kì í ṣòro tọ́jú, nítorí olúkúlùkù ní òógùn nínú rẹ̀. Dọ́là márùn-ún ni owó ìtọ́jú aláboyún láti ìbẹ̀rẹ̀ títí ọmọ yóò fi dáyé tí ara ìyá yóò sì fi yá. Ẹni tí kò ní owó a mú koríko ẹṣin wá, tàbí igi ìdáná, tàbí kí ó fi iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ san án. Ní 1928 wọ́n ṣí ilé ìwòsàn kékeré kan ní Hyden, wọ́n sì fi àwọn ilé nọ́ọ̀sì yí i ká ní àárín òkè, ní ọ̀nà tí ó fi jẹ́ pé kò sí aláboyún tí ó jìnnà sí nọ́ọ̀sì ju nǹkan bí máìlì márùn-ún tàbí mẹ́fà lọ.

Ọ̀rọ̀ iṣẹ́ náà gan-an ni mo fẹ́ kí àwọn ọmọbìnrin wa tí wọ́n wà ní ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì fara balẹ̀ kà. Nọ́ọ̀sì kọ̀ọ̀kan ní ẹṣin kan àti àpò gàárì méjì: ọ̀kan fún ìbẹ̀wò ojoojúmọ́, èkejì fún ìgbẹ̀bí. Ti ìgbẹ̀bí wúwo tó nǹkan bí pọ́n-ùn 40, nítorí gbogbo ohun tí a óò lò ni a gbọ́dọ̀ gbé lọ, ilé tí a ń lọ kò ní nǹkan kan bí kò ṣe omi gbígbóná. Wọn kì í dúró de ìrọbí. Bí wọ́n bá ti gbọ́ pé obìnrin kan lóyún, wọ́n ti forúkọ rẹ̀ sílẹ̀, wọ́n a máa lọ bẹ̀ ẹ́ wò déédéé. Bí oyún bá sì ti ń dàgbà, ìbẹ̀wò a máa súnmọ́ ara wọn sí i. Wọ́n ń wo ẹ̀jẹ̀ bóyá ó ń ru, wọ́n ń yẹ ìtọ̀ wò, wọ́n ń wo ẹsẹ̀ àti ojú bóyá ó wú. Ìdí rẹ̀ ni pé ìyá tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru, tí orí ń fọ́, tí ojú ń ṣú, lè dàbí ẹni tí ó rẹ̀ lásán lónìí, kí gìrì sì mú un lọ́la. Wọ́n ń fọwọ́ wá ibi tí orí ọmọ wà. Àwa ní orúkọ àmútọ̀runwá fún ọmọ tí ó fi ẹsẹ̀ wáyé, Ìgè ni a ń pè é; ṣùgbọ́n agbẹ̀bí tí ó bá ti mọ̀ ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ṣáájú pé Ìgè ni ó ń bọ̀, tàbí pé ọmọ dábùú, yóò ti mọ ibi tí ó yẹ kí ìyá wà kí ọjọ́ tó pé.

Àwọn dókítà tí wọ́n ń gba ẹgbẹ́ náà nímọ̀ràn kọ ìwé kan tí nọ́ọ̀sì ń gbé kiri, èyí tí ó sọ ohun tí ó lè dá ṣe àti ibi tí ó gbọ́dọ̀ dúró kí ó ránṣẹ́ pe dókítà. Ẹ̀jẹ̀ tí ó bá yọ kí ọmọ tó wá, pàápàá tí kò bá sí ìrora, jẹ́ àmì pé ibi ọmọ lè ti dí ẹnu ọ̀nà. Agbẹ̀bí tí a kọ́ kò gbọdọ̀ ti ọwọ́ bọ ibẹ̀ láti wò ó, nítorí ẹ̀jẹ̀ lè tú jáde lọ́nà tí a kò ní lè dá a dúró. Kí ó tẹ́ ìyá sílẹ̀ jẹ́ẹ́, kí ó sì wá ọ̀nà ilé ìwòsàn ni. Ní àwọn òkè wọ̀nyẹn, ọ̀nà ilé ìwòsàn túmọ̀ sí pé àwọn ọkùnrin àdúgbò yóò gbé ìyá sórí ibùsùn aláìsàn, wọn yóò máa gba ara wọn lórí òkè àti nínú odò fún ọ̀pọ̀ wákàtí, nọ́ọ̀sì yóò sì máa bá wọn lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́. Bí odò bá kún, wọn a wọ ọkọ̀ ojú omi. Bí ọkọ bá sì wá kan ilẹ̀kùn nọ́ọ̀sì lóru, òfin Mary ni pé nọ́ọ̀sì gbọ́dọ̀ bá a lọ, bí ó ti wù kí òjò dídì pọ̀ tó.

Mary mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ẹnu kò tó, nítorí náà láti ìbẹ̀rẹ̀ ni ó ti mú kí wọ́n máa kọ gbogbo nǹkan sílẹ̀. Ní 1932 ilé iṣẹ́ ìbánigbófò Metropolitan Life yẹ ìwé ìbí 1,000 àkọ́kọ́ wò. Kò sí ìyá kan tí oyún tàbí ìrọbí fúnra rẹ̀ pa nínú wọn. Nígbà tí a sì ṣírò iṣẹ́ nǹkan bí ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, ìyá tí ó kú kò ju nǹkan bí 9 lọ nínú ìbí 10,000, nígbà tí ti Amẹ́ríkà lápapọ̀ jẹ́ nǹkan bí 34. Àwọn tálákà tí ń gbé nínú ilé onígi kékeré ni a ń sọ yìí o, tí ọ̀pọ̀ wọn bímọ sórí ibùsùn ara wọn.

Kò rọ̀ ọ́ lọ́rùn. Ní 1931 ẹṣin gbé e ṣubú, egungun ẹ̀yìn rẹ̀ sì dá. Láti ìgbà náà ni ó ti ń de ẹ̀yìn rẹ̀ kí ó tó lè dìde. Ọdún wọ̀nyẹn náà ni owó wọ́n ní gbogbo Amẹ́ríkà, tí owó oṣù àwọn nọ́ọ̀sì fi dínkù, síbẹ̀ ọ̀pọ̀ wọn kò lọ. Nígbà tí Ogun Àgbáyé Kejì bẹ̀rẹ̀ ní 1939, àwọn tí wọ́n ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wá fẹ́ padà lọ sìn ní ilé wọn, Mary sì dá ilé ẹ̀kọ́ agbẹ̀bí sílẹ̀ ní Hyden ní ọdún náà gan-an.

Àbùkù kan wà tí n kò gbọdọ̀ fi pamọ́ fún ẹ̀yin ọmọ ìlú mi, nítorí ó kàn wá. Mary Breckinridge kò gba nọ́ọ̀sì aláwọ̀ dúdú sínú iṣẹ́ rẹ̀. Ọkàn rẹ̀ ṣì wà lọ́dọ̀ àwọn tí bàbá bàbá rẹ̀ jà fún. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn obìnrin dúdú tí wọ́n lè ṣe iṣẹ́ náà kò wọ́n: ní 1941 ilé ẹ̀kọ́ kan ṣí ní Tuskegee, ní Alabama, láti kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì dúdú ní iṣẹ́ agbẹ̀bí, Maude Callen tí òun náà jẹ́ dúdú sì ń gbẹ̀bí fún àwọn tálákà South Carolina fún ọ̀pọ̀ ọdún, láìsí ẹbí ńlá tí yóò bá a tọrọ owó. Àwọn kan lè sọ pé bí ayé ìgbà náà ti rí ni. N kò gbà bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó lè kọ àṣà ìlú rẹ̀ sílẹ̀ nípa iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní agbára láti kọ èyí náà sílẹ̀. Síbẹ̀, n kò lè tìtorí rẹ̀ pa ìtàn àwọn ìyá tí kò kú mọ́.

Ó kú ní ọjọ́ 16 oṣù Karùn-ún ọdún 1965, ní ilé rẹ̀ ní Wendover, ní ẹni ọdún 84, wọ́n sì sin ín sí Lexington. Ọkọ̀ jíìpù ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹṣin kí ó tó kú. Ní 1975 ni a ṣí ilé ìwòsàn tuntun tí a fi orúkọ rẹ̀ pè ní Hyden, ilé ẹ̀kọ́ tí ó dá sílẹ̀ sì ti di yunifásítì, níbi tí àwọn nọ́ọ̀sì láti gbogbo ìpínlẹ̀ Amẹ́ríkà, funfun àti dúdú, ti ń kọ́ iṣẹ́ agbẹ̀bí.