Thomas Ona Odulate, Agbẹ́gilére Èkó

Ẹni tí ó bá wọ inú igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo yóò rí àwọn ère gàgàrà tí a mọ síbẹ̀. Ẹni tí ó bá sì dé Iléṣà yóò rí ère Ògèdèǹgbé, ọ̀gágun àwọn Èkìtì Parapọ̀ nínú ogun Kírìjì. Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe ń bọlá fún alágbára: a ń gbé e ga ju ènìyàn lọ. Ṣùgbọ́n ní ilẹ̀ Yorùbá kan náà, ọkùnrin kan wà tí ó sọ àwọn alágbára ìgbà tirẹ̀ di ohun tí a lè fi ọwọ́ kan gbé. Thomas Ona Odulate ni orúkọ rẹ̀.

Ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde ni, ṣùgbọ́n Èkó ni ó ti ṣe iṣẹ́ tí ó sọ ọ́ di olókìkí. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ni ń ṣe àkóso ní ìgbà náà, Èkó sì kún fún ajẹ́lẹ̀, ọ̀gá sójà, ọlọ́pàá, lọ́yà àti oníwàásù. Ohun tí ojú Ona ń rí lójoojúmọ́ ni ọwọ́ rẹ̀ ń gbẹ́. Ó gbẹ́ òyìnbó tí ń gbá bọ́ọ̀lù lórí ẹṣin. Ó sì gbẹ́ Ọbabìnrin Fikitóríà pàápàá, ẹni tí kò fi ẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ yìí rí.

Igi funfun ni ó ń lò, kò sì kùn ún ní ọ̀dà púpọ̀. Tàdáwà dúdú, tàdáwà pupa àti ohun funfun tí a fi ń kun bàtà ni ó fi ń ṣe wọ́n lọ́ṣọ̀ọ́. Púpọ̀ nínú ohun tí àwọn ère náà ń lò, bí fìlà àti agboorùn, ni ó ń gbẹ́ lọ́tọ̀, tí yóò sì wá fi sí ààyè rẹ̀.

Ní òkè òkun, àwọn kan wà tí ń fi ike ṣe ọkọ̀ ogun àti ọmọ ogun kéékèèké, tí wọ́n sì ń tò wọ́n bí ẹni pé ogun ń lọ lọ́wọ́. Ìwọ̀n ni wọ́n ń tẹ̀ lé; èyí tí ó wọ́pọ̀ ni kí ohun gbogbo jẹ́ ìdá kan nínú 35. Ìwọ̀n ti Ona kò rí bẹ́ẹ̀. Orí ènìyàn tó nǹkan bí ìdá kan nínú 7 gíga rẹ̀, ṣùgbọ́n nínú ère Yorùbá ó lè tó ìdá kan nínú 4, nítorí pé orí ni àgbà ara. Bí àwọn baba ti ń gbẹ́ ọba àti ìyá ọlọ́mọ ni Ona ṣe gbẹ́ òyìnbó.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Ní 1937, Julius Lips, ọ̀mọ̀wé ará Jámánì tí ó ti sá kúrò lábẹ́ ìjọba Hitler, tẹ ìwé kan jáde ní London láti fi hàn pé àwọn tí òyìnbó ń ṣe àkóso lé lórí ń fi ère wọn ṣe ẹ̀sín. Irú èrò bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ní sí iṣẹ́ Ona. Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré, nítorí pé àwọn òyìnbó kan náà ni oníbàárà rẹ̀. Lọ́wọ́ wọn ni ó ti ń jẹun.

William Bascom, ọ̀mọ̀wé ará Amẹ́ríkà, ṣe ohun tí ó yẹ: ó bi agbẹ́gilére náà fúnra rẹ̀ léèrè. Èsì tí ó gbà, tí ó sì kọ jáde ní 1957, ni pé Ona kò fi ẹnikẹ́ni ṣe ẹ̀sín. Bí ó ti rí wọn ni ó ṣe gbẹ́ wọn.

Nàìjíríà gba òmìnira ní 1960, àwọn ajẹ́lẹ̀ sì palẹ̀ mọ́. Ona náà ti fi ayé sílẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn ère rẹ̀ ṣì dúró nínú ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ní London àti ní Amẹ́ríkà. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ohun tí ó wà nínú oníṣẹ́ ọnà, kí ó kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ kí ó tó dá a lẹ́jọ́.