Margarete Steiff: Aránṣọ Tí Ó Fi Abẹ́rẹ́ La Ọ̀nà

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní abẹ́rẹ́ á lọ kí ọ̀nà okùn tó dí. Bí a bá wo ìgbésí ayé Margarete Steiff, ará Jámánì, a óò rí i pé ọ̀rọ̀ náà bá a mu régí. Ọ̀pọ̀ nínú wa ni ó ti rí àwọn ẹranko kéékèèké tí a fi aṣọ rán, tí a ki nǹkan rírọ̀ sí nínú kí ọmọdé lè máa fi ṣeré. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo wa ni ó mọ̀ pé obìnrin tí kò lè fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn ni ó wà lára àwọn tí ó sọ ọ́ di òwò ńlá.

Ìlú Giengen, lẹ́bàá odò Brenz ní ìhà gúúsù Jámánì, ni a ti bí i ní ọjọ́ 24 oṣù Keje, ọdún 1847. Kọ́lékọ́lé ni Friedrich Steiff, bàbá rẹ̀. Maria Margarete ni orúkọ ìyá rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n obìnrin méjì ni ó ní, àti àbúrò ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Fritz. Nígbà tí ó di ọmọ ọdún kan ààbọ̀ ni àrùn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ kọ lù ú. Ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì rọ, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ kò sì lágbára mọ́.

Àwọn òbí rẹ̀ kò káwọ́ gbera. Ní 1856, wọ́n gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ní Ludwigsburg. Láti ibẹ̀ ó dé Wildbad, níbi tí àwọn aláìsàn ti ń wẹ̀ nínú omi gbígbóná tí ń sun láti inú ilẹ̀. Pàbó ni gbogbo rẹ̀ já sí. Ìbéèrè tí ó wá kù ni èyí tí kò rọrùn láti dáhùn: ọmọbìnrin tí kò lè rìn, tí kò lè ṣe iṣẹ́ ilé, kí ni yóò máa jẹ nígbà tí bàbá àti ìyá rẹ̀ kò bá sí mọ́?

Síbẹ̀, ilé-ìwé kò fò ó ru. Àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ àti àwọn ọmọ àdúgbò a máa fi kẹ̀kẹ́ kékeré wọ́ ọ dé ẹnu ọ̀nà, obìnrin kan tí ilé rẹ̀ kọjú sí ilé-ìwé náà a sì gbé e wọ inú kíláàsì. Iṣẹ́ abẹ́rẹ́ ni ọkàn rẹ̀ fà sí, bẹ́ẹ̀ ni iṣẹ́ tí ń fẹ́ ọwọ́ ọ̀tún ni. Ó jẹ́ kí ó pẹ́, kò jẹ́ kí ó bàjẹ́. Nígbà tí ó fi di ọmọ ọdún 17, ó ti parí ẹ̀kọ́ ìránṣọ.

Òun àti àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ránṣọ fún àwọn ará ìlú. Nígbà tí wọ́n ra ẹ̀rọ ìránṣọ, ìṣòro mìíràn yọjú: apá ọ̀tún ni wíìlì tí a fi ń yí ẹ̀rọ náà wà. Margarete kò pariwo, kò sì pa á tì. Ó yí ẹ̀rọ náà padà kí ẹ̀yìn rẹ̀ lè kọjú sí i, ó sì ń fi ọwọ́ òsì yí wíìlì rẹ̀. Ìwà rẹ̀ nìyí. Nígbà tí ara rẹ̀ kò gbà fún iṣẹ́, ó mú iṣẹ́ gbà fún ara.

Ní Giengen, ilé iṣẹ́ kan wà tí ń ṣe aṣọ tí àwọn Òyìnbó ń pè ní felt. A kì í hun aṣọ yìí. Irun àgùntàn ni a ń fi omi gbígbóná rẹ, tí a ń fún un, tí a ń tẹ̀ ẹ́ títí yóò fi so pọ̀ di odidi. Nítorí pé kò ní òwú tí ó lè yọ, kò sí bí a ṣe gé e tí etí rẹ̀ yóò tú, kò sì sí pé à ń ṣẹ́ etí rẹ̀ kí a tó rán an. Ìbátan Margarete kan gbà á nímọ̀ràn pé kí ó máa fi aṣọ yìí ṣòwò. Ní 1877, ó dá ìsọ̀ tirẹ̀ sílẹ̀, ó ń rán yẹ̀rì àti ẹ̀wù ọmọdé tà.

Ní ìparí ọdún 1879, ó rí àwòrán erin kékeré kan nínú ìwé ìròyìn aṣọ tí ń jẹ́ Modenwelt. Ó gé aṣọ felt bí àwòrán náà ti rí, ó rán etí rẹ̀ pọ̀, ó fi ojú kan sílẹ̀, ó gba ibẹ̀ ki irun ọ̀dọ́ àgùntàn sí i nínú, ó sì rán an pa. Kí aránṣọ máa gún abẹ́rẹ́ sí i lára ni ó ṣe é fún. Ṣùgbọ́n bí àwọn ọmọdé ti rí i, wọ́n sọ ọ́ di tiwọn, abẹ́rẹ́ kò sì ráyè dé ibẹ̀ mọ́. Margarete kò bá wọn jiyàn. Fritz kó àwọn erin náà lọ sí ọjà Heidenheim, wọ́n sì tà. Nígbà tí ó fi di 1886, wọ́n ti ta erin 5,170. Ajá, ológbò, ehoro àti ẹlẹ́dẹ̀ tẹ̀ lé e.

Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, t'àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Àwọn obìnrin ìlú a máa gba aṣọ tí a ti gé lọ sílé, wọ́n a rán an lẹ́bàá ààrò àti ọmọ wọn, wọ́n a sì kó o padà wá gba owó. Kí ẹranko tuntun kan tó jáde, Margarete fúnra rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ rán ọ̀kan, kí ó lè mọ ibi tí àléébù wà kí ó tó dé ọwọ́ ọmọ ọlọ́mọ. Ní 1893, a forúkọ ilé iṣẹ́ náà sílẹ̀ lábẹ́ òfin.

Àwọn ọmọ Fritz náà ti ẹ̀gbọ́n bàbá wọn lẹ́yìn. Richard ni ó gbé béárì kan kalẹ̀ ní 1902, èyí tí apá àti ẹsẹ̀ rẹ̀ ń yí. Ní ìpàtẹ ọjà Leipzig ní 1903, oníṣòwò ará Amẹ́ríkà kan béèrè fún 3,000 lẹ́ẹ̀kan náà. Ní 1904, Franz dá bọ́tìnnì etí sílẹ̀, kí ayédèrú má baà dàpọ̀ mọ́ ojúlówó. Nígbà tí ó di 1907, ilé iṣẹ́ náà ṣe béárì 974,000; òṣìṣẹ́ 400 ni ó wà nínú ọgbà, 1,800 sì ń ṣiṣẹ́ láti ilé wọn.

Ọjọ́ 9 oṣù Karùn-ún, ọdún 1909, ni Margarete jáde láyé, lẹ́ni ọdún 61. Ilé iṣẹ́ náà ṣì wà ní Giengen títí di òní.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹgbẹ́ mi, ẹ̀yin olùkọ́ wa, ẹ jẹ́ kí a kíyè sí i pé Margarete kò rí ìwòsàn. Kò fi ẹsẹ̀ rẹ̀ rìn títí ó fi kú. Ẹni tí a ń bẹ̀rù pé yóò di ẹrù ẹbí ni ó wá di ẹni tí ó ju 2,000 ènìyàn ń ti ara rẹ̀ jẹun. Orí rẹ̀ pé, ó sì ní ìfaradà. Ṣùgbọ́n kí ó tó mọ abẹ́rẹ́ í mú, àwọn kan ti wọ́ kẹ̀kẹ́ rẹ̀, obìnrin kan sì ti gbé e wọ kíláàsì. Àwọn ọmọ bí tirẹ̀ wà ní ilé wa àti ní àdúgbò wa. Àánú nìkan kò tó wọn. Ta ni yóò wọ́ kẹ̀kẹ́ wọn, ta ni yóò sì gbé wọn wọlé?