Rosevear, Ọ̀gá Igbó Tó Kọ Orúkọ Ẹranko Sílẹ̀

Ìtàn Donovan Reginald Rosevear, tó ti dolóògbé tipẹ́, la gbé wá lọ́tẹ̀ yìí.

Òyìnbó ni. Ẹ̀ka ìjọba tó ń bójú tó igbó ọba ló ti ṣiṣẹ́ ní Nàìjíríà láyé ìjọba amúnisìn, ó sì di ọ̀gá pátápátá níbẹ̀. Igbó niṣẹ́ ẹ̀, àmọ́ ẹranko inú igbó náà gbà á lọ́kàn. Ní 1953, wọ́n tẹ ìwé rẹ̀ jáde l'Ékòó: orúkọ àwọn ẹranko afọ́mọlọ́mú Nàìjíríà, pẹ̀lú máàpù tó ń sọ ibi tí wọ́n wà.

Kò dúró síbẹ̀. Ẹ mọ mùsíọ́ọ̀mù Èsìẹ́ tó ń tọ́jú ère òkúta. Mùsíọ́ọ̀mù kan wà ní London tó ń tọ́jú òkú ẹranko. Òun ló tẹ ìwé ńlá mẹ́ta tí Rosevear kọ lórí ẹranko Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà: ti àdán ní 1965, ti eku, òkété, ọ̀kẹ́rẹ́ àti ọ̀yà ní 1969, ti àwọn apẹranjẹ bíi kìnnìún, ìkookò àti ẹtà ní 1974.

Síbẹ̀, iṣẹ́ ò tán. Lórí àwọn òkè Gotel ní Ìpínlẹ̀ Taraba ni Chappal Waddi wà, òkè tó ga jù ní Nàìjíríà, tó tó mítà 2,419. Ọdún 1992 làwọn onímọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ fún irú eku méjì tó wà níbẹ̀ lórúkọ: Praomys obscurus àti Otomys occidentalis. Kì í ṣe pé Rosevear ya ọ̀lẹ. Òkè tutù, pápá sì yí igbó orí rẹ̀ ká bí omi ṣe ń yí erékùṣù ká. Eku ibẹ̀ kì í sọ̀kalẹ̀ wá sí pẹ̀tẹ́lẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ ọ́n gbọ́dọ̀ gun òkè, kó dẹ tàkúté.

Bẹ́ẹ̀ náà ló rí ní òkè Nimba. Ní 2013, wọ́n fún àdán kan tí wọ́n rí níbẹ̀, lápá Làìbéríà, lórúkọ Rosevear fúnra ẹ̀. Ní 2021, wọ́n tún kéde àdán mìíràn lápá Gínì, tí irun ẹ̀ pọ́n bí ọsàn.

Ohun tó ń dunni ni pé iná, oko dídá àti igi gígé ń jẹ igbó orí òkè lọ. Ẹranko tí ò tíì lórúkọ, bó bá kú tán, ta ló máa mọ̀?

Àwọn bàbá wa ọdẹ ní Àjàṣẹ́ àti Ọ̀mù-Àrán mọ ẹranko tí àwa ò mọ̀. Ẹ lọ bi wọ́n léèrè. Ẹ kọ orúkọ rẹ̀, ibi tí wọ́n ti rí i àti ọdún tí wọ́n rí i kẹ́yìn, kí ẹ mú un wá fún ẹgbẹ́ oníròyìn wa. Orúkọ àti ibi ni Rosevear náà fi bẹ̀rẹ̀.