ALHAJI MOSHOOD ABÍỌ́LÁ: ỌMỌ TÁLÁKÀ TÍ Ó RÍ ÌRÀNWỌ́, TÍ Ó SÌ RAN ẸLÒMÍRÀN LỌ́WỌ́

Ọpẹ́ ni fún Allāhu, Ọba tí Ó ni ìmọ̀. Kí ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ máa bá Ànábì wa Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn sàhábà rẹ̀.

Ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin ọmọ ilé-kéwú, olóògbé Alhaji Moshood Káṣìmáawò Ọláwálé Abíọ́lá ni a fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ ọ́n sí olówó àti olóṣèlú. Ṣùgbọ́n inú ìṣẹ́ ni ó ti bẹ̀rẹ̀, owó ìrànwọ́ ẹ̀kọ́ sì wà lára ohun tí Ọlọ́run fi gbé e dìde.

Abẹ́òkúta ni a bí i sí ní ọjọ́ 24, oṣù kẹjọ, ọdún 1937. Òun ni ọmọ kẹtàlélógún bàbá rẹ̀, ṣùgbọ́n òun ni àkọ́kọ́ tí ó yè. Ìdí nìyí tí wọ́n fi sọ ọ́ ní Káṣìmáawò. Nígbà tí ó di ọmọ ọdún 9, a máa ṣẹ́ igi ìdáná nínú igbó ní ìdájí, a sì tà á kí ó tó lọ sí ilé-ìwé, kí àwọn ará ilé rẹ̀ lè rí nǹkan ná. Ní ọmọ ọdún 15 ó dá ẹgbẹ́ onílù sílẹ̀. Oúnjẹ ni wọ́n kọ́kọ́ fi ń san án fún wọn lóde ìnáwó. Nígbà tí ó yá, ó di owó. Owó yìí ni ó fi ran ara rẹ̀ lọ́wọ́ ní Baptist Boys' High School.

Ní 1956 ó di akọ̀wé ní báńkì Barclays ní Ìbàdàn. Ṣùgbọ́n owó oṣù akọ̀wé kò lè gbé ọmọ tálákà dé yunifásítì òkè òkun. Sikọ́láṣíìpù ni ó gbé e dé Yunifásítì Glasgow ní Scotland, níbi tí ó ti kọ́ ìmọ̀ ìṣirò owó.

Nígbà tí ó dé, ó ṣiṣẹ́ ní Pfizer, ó di ọ̀gá ní ITT, ó sì dá ìwé ìròyìn Concord sílẹ̀ ní 1980. Nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ tẹ owó, kò gbàgbé igi ìdáná. Ó kọ́ mọ́ṣáláṣí, ó ran ilé-ìwé lọ́wọ́, ó san owó ẹ̀kọ́ fún ọmọ ọlọ́mọ, kò sì béèrè ẹ̀yà tàbí ẹ̀sìn. Àwọn Mùsùlùmí fi í jẹ Bàbá Àdínì ilẹ̀ Yorùbá. Ìjọba ológun fagi lé ìbò June 12, 1993 tí ó díje nínú rẹ̀. Wọ́n tì í mọ́lé ní 1994, àtìmọ́lé náà ni ó sì kú sí ní ọjọ́ 7, oṣù keje, 1998.

Ọjọ́ ìrántí ìbò náà, ní 2023, ni Ààrẹ Tinúbú fọwọ́ sí òfin owó yíyá fún akẹ́kọ̀ọ́. Wọ́n tún un ṣe ní 2024. Owó náà kò ní èlé, èyí sì ṣe pàtàkì fún àwa Mùsùlùmí. Nítorí náà, ẹ̀yin òbí ní Ìkọ̀tún, Ẹ̀gbẹ́dá àti Ìgàndò, bí ọmọ yín bá wọ LASU, ẹ má ṣe dá a dúró sílé láìtíì wádìí. Ṣùgbọ́n kí akẹ́kọ̀ọ́ rántí pé gbèsè ni, àmánà sì ni gbèsè.

Ẹ̀yin jámáà mọ́ṣáláṣí, bí a ti ń dáwó fún ṣìmẹ́ǹtì àti ẹní, ẹ jẹ́ kí a yọ díẹ̀ sọ́tọ̀ fún ọmọ tálákà tí ó mọ̀wé. Sàráà tí kì í gbẹ ni.

Kí Allāhu forí jin Alhaji Abíọ́lá, kí Ó fi Alijánnà ta á lọ́rẹ. Àmín.