Joe Louis, Abẹ̀ṣẹ́-kù-bí-òjò

Ìwọ òǹkàwé mi, bí a bá ń ka àwọn tí ó fi ẹ̀ṣẹ́ kíkàn gbayì ní gbogbo ayé ní ení, èjì, a kò gbọdọ̀ gbàgbé Joe Louis. Má ṣe rò pé agbára apá nìkan ni ó sọ ọ́ di olókìkí. Fara balẹ̀ ka ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀, ìwọ yóò rí i pé ẹ̀kọ́ ni ó fi borí.

Joseph Louis Barrow ni orúkọ rẹ̀ ní kíkún. Ọjọ́ 13, oṣù karùn-ún, ọdún 1914 ni wọ́n bí i sí ìdílé àgbẹ̀ aláwọ̀ dúdú ní ìpínlẹ̀ Alabama, ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Ní ọdún 1926, ìdílé rẹ̀ kó lọ sí ìlú Detroit. Ìyá rẹ̀ ń fún un ní owó kí ó lọ kọ́ fàólìn títa, ṣùgbọ́n ibi tí wọ́n ti ń kọ́ ẹ̀ṣẹ́ kíkàn ni Joe ń ná an sí.

Ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kò dára. Ní ìjà rẹ̀ àkọ́kọ́ ní ọdún 1932, ìgbà méje ni Johnny Miler gbá a lulẹ̀. Ó pa ìjà tì fún ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn náà ó tún padà.

Ní ọdún 1934, ó bẹ̀rẹ̀ sí jà fún owó, Jack Blackburn, àgbà akànṣẹ́ kan, sì di olùkọ́ rẹ̀. Blackburn rí i pé ọmọ náà lágbára, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í múlẹ̀ bí ó bá ń kan ẹ̀ṣẹ́. Ó kọ́ ọ pé kí ó kọ́kọ́ fẹsẹ̀ múlẹ̀ kí ó tó na ọwọ́, nítorí pé láti ẹsẹ̀ ni agbára ti ń gba ìbàdí àti èjìká dé ọwọ́. Ó ní kí ẹ̀ṣẹ́ rẹ̀ máa kúrú, kí ọ̀kan sì máa tẹ̀ lé èkejì kíákíá.

Síbẹ̀, àléébù kan kù. Bí Joe bá ti fi ọwọ́ òsì kan ẹ̀ṣẹ́ tán, ó máa ń jẹ́ kí ọwọ́ náà wálẹ̀, kò sì ní bo ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀. Max Schmeling, ọmọ Jámánì tí ó ti gba adé ayé rí, wo fíìmù ìjà rẹ̀, ó sì rí àṣírí yìí. Góòfù ni Joe ń gbá nígbà tí ó yẹ kí ó máa múra. Ní ọjọ́ 19, oṣù kẹfà, ọdún 1936, ní New York, bí ọwọ́ òsì Joe bá ti wálẹ̀ ni ọwọ́ ọ̀tún Schmeling ń wọlé. Ní abala kejìlá, Joe ṣubú, kò sì lè dìde. Ọ̀pọ̀ aláwọ̀ dúdú ní Amẹ́ríkà ni ó sunkún lọ́jọ́ náà.

Bí ọmọdé bá ṣubú a wo iwájú, bí àgbà bá ṣubú a wo ẹ̀yìn. Joe wo ẹ̀yìn. Ó padà sọ́dọ̀ Blackburn, ó tún ọwọ́ òsì náà kọ́. Ní ọdún 1937, ó na James Braddock, ó sì gba adé ayé. Ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀ títí di ọjọ́ 22, oṣù kẹfà, ọdún 1938, tí òun àti Schmeling tún pàdé. Ìjọba Hitler ti ń fi Schmeling yangàn pé aláwọ̀ funfun ló ga jù. Níṣojú nǹkan bí 70,000 ènìyàn, kò tó ìṣẹ́jú mẹ́ta tí Joe fi parí ìjà náà.

Ó di adé náà mú fún ohun tí ó lé ní ọdún 11, ó sì fi jà ní ìgbà 25 láìpàdánù rẹ̀ kí ó tó fẹ̀yìn tì ní 1949. Gbèsè owó orí lé e padà sí ìjà; Rocky Marciano sì ṣẹ́gun rẹ̀ ní 1951. Ó kú ní ọjọ́ 12, oṣù kẹrin, ọdún 1981. Schmeling tí ó jẹ́ ọ̀tá rẹ̀ lórí pápá ti di ọ̀rẹ́ rẹ̀ tipẹ́tipẹ́.

Nítorí náà, ìwọ tí o fẹ́ kọ́ ẹ̀ṣẹ́ kíkàn, tàbí iṣẹ́ mìíràn, fi ẹsẹ̀ múlẹ̀ kí o tó na ọwọ́. Bí ọwọ́ rẹ bá sì ti jáde, tètè dá a padà sílé.