Olóyè Olábísí Ọnàbánjọ, Àyékòótọ́ Inú Ìwé Ìròyìn

Ìlú Èkó ni a bí Olóyè Olábísí Ọnàbánjọ sí ní ọdún 1927, ṣùgbọ́n ọmọ Ìjẹ̀bú ni. Ní 1950 ó lọ kọ́ iṣẹ́ ìwé ìròyìn ní Lọ́ńdọ̀nù. Nígbà tí ó dé, ó ń kọ̀wé sínú Daily Service àti Daily Express, kò sì lo orúkọ ara rẹ̀. Àyékòótọ́ ni ó ń jẹ́ níbẹ̀. Orúkọ odídẹrẹ́ ni, ẹyẹ tí kì í gbé ọ̀rọ̀ mì. Lójú tèmi, orúkọ náà yẹ ẹ́, nítorí ayé kọ òótọ́ ní ti gidi.

Ó di gómìnà Ìpínlẹ̀ Ògùn ní 1979. Ìjọba rẹ̀ ni ó dá yunifásítì sílẹ̀ ní Àgọ́-Ìwòyè ní 1982. Ní ọjọ́ tí ó kẹ́yìn ọdún 1983 àwọn sójà gba ìjọba, wọ́n sì sọ ọ́ sẹ́wọ̀n. Ó jáde, ó sì kú ní 1990. Ó di 2001 kí wọ́n tó fi orúkọ rẹ̀ pe yunifásítì náà.