Ibojì Àjàyí Ọmọ Òṣoògùn

Ẹni tí ó bá dé Kàtídírà Ìjọ Kristi ní Marina ní Èkó, tí ó sì rí ẹni mú un yí inú ilé náà ká, yóò rí ọ̀pọ̀ ohun tí ó dùn ún wò. Kò jìnnà púpọ̀ sí ibi tí Ìjọ Àgùdà kọ́ Kàtídírà Àgbélébùú Mímọ́ tiwọn sí. Yóò gbọ́ pé ọmọ ọba Gẹ̀ẹ́sì, ẹni tí ó padà jẹ Edward Kẹjọ, ni ó fi òkúta ìpìlẹ̀ rẹ̀ lélẹ̀ ní ọdún 1925, àti pé iṣẹ́ kò parí títí di ọdún 1946. Yóò gbé ojú sókè wo àwọn òpó gíga àti àwọn fèrèsé tí orí wọn rí ṣóńṣó. Gbogbo wọn ni ó dára. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹni tí ń mú wa kiri dúró létí ibojì kan tí ó sì dárúkọ ẹni tí egungun rẹ̀ wà níbẹ̀, àwa tí a ti Ọ̀yọ́ lọ kò fẹ́ ṣí ẹsẹ̀ níbẹ̀ mọ́. Ará ilé wa ni. Ní Òṣoògùn ni a ti bí i, ní ilẹ̀ Ọ̀yọ́, lápá ibi tí Ìsẹ́yìn wà. Ìtàn rẹ̀ ni a fẹ́ sọ fún ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ wa àti ẹ̀yin olùkọ́ wa, bí ọ̀pọ̀ yín tilẹ̀ ti gbọ́ díẹ̀ nínú rẹ̀ láti kékeré.

Ní nǹkan bí ọdún 1809 ni a bí Àjàyí. Ahunṣọ ni baba rẹ̀. Àfàlà ni orúkọ ìyá rẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1821, nígbà tí ìjọba Ọ̀yọ́ Ilé ti ń mì, àwọn akónilẹ́rú já lu Òṣoògùn lówùúrọ̀, nígbà tí àwọn obìnrin ń se oúnjẹ àárọ̀ lọ́wọ́. Baba sáré wá kìlọ̀ fún wọn kí wọ́n sá, ó sì padà síbi ìjà. Àjàyí kò fojú kàn án mọ́ láéláé. Wọ́n so okùn mọ́ ọmọ náà lọ́rùn, òun àti ìyá rẹ̀ àti àwọn àbúrò rẹ̀ obìnrin méjì. Ní Ìsẹ́yìn ni wọ́n ti pín wọn níyà. Wọ́n fi Àjàyí pààrọ̀ ẹṣin. Nígbà tí ó ṣe, ẹṣin náà kò tẹ́ ẹni tí ó gbà á lọ́rùn, wọ́n sì dá ọmọ padà bí ẹni dá ọjà tí kò wúlò padà. Láti ọwọ́ dé ọwọ́ ni wọ́n ń tà á, títí ó fi rí i pé ọ̀nà òkun ni òun ń lọ. Ẹ̀rù òyìnbó bà á tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi gbìyànjú lóru, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan, láti fi ọ̀já ìdí ara rẹ̀ fún ara rẹ̀ lọ́rùn. Ọkàn rẹ̀ kò gbà á láti ṣe é tán.

Àwọn Potogí rà á ní Èkó, wọ́n sì gbé e sínú ọkọ̀. Ní ọjọ́ 7 oṣù kẹrin ọdún 1822, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì kan, Myrmidon, mú ọkọ̀ náà, ó sì kó àwọn ẹrú lọ sí Freetown ní ilẹ̀ Sàró. Níbẹ̀ ni wọ́n ti fi Àjàyí sí ilé ẹ̀kọ́. Ohun tí ó ń bá àwa tí a ń kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ lọ́kàn jẹ́ jù ni pé láàrín nǹkan bí oṣù mẹ́fà, ọmọ tí kò rí ìwé rí ti ń ka Májẹ̀mú Titun. Ó tún kọ́ iṣẹ́ káfíńtà. Ní ọjọ́ 11 oṣù Kejìlá ọdún 1825 ni a ṣe ìrìbọmi fún un, a sì sọ ọ́ ní Samuel Crowther. Nígbà tí ilé ẹ̀kọ́ gíga Fourah Bay bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1827, ó wà nínú àwọn tí orúkọ wọn kọ́kọ́ wọ inú ìwé. Ó fẹ́ Asano, ọmọbìnrin tí òun náà ti wà nínú ọkọ̀ ẹrú rí, àwọn méjèèjì sì ń kọ́ àwọn ọmọdé ní ìwé. Olùkọ́ ni ó kọ́kọ́ jẹ́, kí ó tó di àlùfáà ní ọdún 1843.

Ní oṣù kẹjọ ọdún 1846 òun àti Henry Townsend dé Abẹ́òkúta pẹ̀lú iṣẹ́ C.M.S. Kò tíì ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ nígbà tí ìyá arúgbó kan wá sí ilé rẹ̀. Àfàlà ni. Ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ti kọjá tí wọ́n ti rí ara wọn. Wọ́n dì mọ́ra, ẹnu kò sì lè sọ̀rọ̀. Omijé nìkan ni ó ń bọ́. Lẹ́yìn náà ni ó ń pè é ní àwọn orúkọ ìgbà èwe rẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò tún fi pè é láti Òṣoògùn. Ní ọdún 1848 ìyá náà ṣe ìrìbọmi, Hannah ni orúkọ rẹ̀, bí ti ìyá Sámúẹ́lì inú Bíbélì.

Iṣẹ́ tí ó pẹ́ jù lọ́wọ́ rẹ̀ ni iṣẹ́ èdè. Ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde ní ọdún 1843. Kò jókòó sí yàrá kí ó máa fi ọgbọ́n orí rẹ̀ nìkan kọ ọ́; ọ̀dọ̀ àwọn àgbà ni ó ń lọ, títí kan àwọn abọ̀rìṣà, ó ń gbọ́ bí wọ́n ti ń pa òwe àti bí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ ní ibi àpèjẹ àti ibi ọ̀fọ̀. Ní ọdún 1862 iná jó ilé rẹ̀ ní Èkó, ó sì jó ọ̀pọ̀ ìwé tí ó ti fi ọdún púpọ̀ kọ. Ó tún bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 1884 Bíbélì Yorùbá pé, òun àti àwọn tí wọ́n jọ ṣe é. Èdè Ọ̀yọ́ ni ó fi ṣe ìpìlẹ̀ rẹ̀. Nítorí náà ni ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ṣe ń kà á bí ẹni gbọ́ ohùn ìyá rẹ̀, nígbà tí ọmọ Èkìtì tàbí Ìjẹ̀bú ní láti kọ́kọ́ fi etí sílẹ̀. Àwọn Onítẹ̀bọmi tí Bowen mú iṣẹ́ wọn dé Ògbómọ̀ṣọ́ ní ọdún 1855 kì í ṣe ìjọ Crowther, síbẹ̀ Bíbélì yìí ni wọ́n fi ń wàásù.

Ní ọjọ́ 29 oṣù kẹfà ọdún 1864, ní Canterbury, a gbé ọwọ́ lé e lórí gẹ́gẹ́ bí Bíṣọ́ọ̀bù, ọmọ Áfíríkà kìíní tí ó jẹ ẹ́ nínú Ìjọ Áńgílíkà. Ṣùgbọ́n wọn kò fi Abẹ́òkúta àti Èkó sábẹ́ rẹ̀, nítorí àwọn òyìnbó tí ó wà níbẹ̀, Townsend pàápàá, kò fẹ́ kí aláwọ̀ dúdú jẹ́ olórí wọn. Odò Ọya ni iṣẹ́ rẹ̀ wà, láàrín àwọn Ìgbò, Tápà àti àwọn ará ẹnu odò. Ibẹ̀ ni wọ́n ti dójú tì í. Ní ọdún 1890 àwọn ọ̀dọ́ òyìnbó ajíhìnrere kan, tí Bíṣọ́ọ̀bù tó baba wọn bí, dá ọ̀pọ̀ àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ dúró ní ojú rẹ̀. A kò sọ pé kò sí ẹlẹ́ṣẹ̀ rárá nínú wọn. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fi ọwọ́ kan náà ta àgbàlagbà sí ẹ̀gbẹ́ kan kì í ṣe ìwà mímọ́ nìkan ni ó ń wá. Àwọ̀ ni ọ̀rọ̀ náà. Bàbá náà fi ìgbìmọ̀ sílẹ̀. Ní ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá ọdún 1891 ó kú ní Èkó, òyìnbó ni wọ́n sì fi rọ́pò rẹ̀.

Ìtẹ́ òkú Àjẹ̀lẹ̀ ni wọ́n sin ín sí. Ẹni tí a ti ń ṣí kiri láti ọmọdé kò sinmi níbẹ̀ pẹ́: láàrín àwọn ọdún 1970 sí 1979 ìjọba wó ìtẹ́ òkú náà, wọ́n sì kó egungun rẹ̀ wá sí Kàtídírà tí a ti rí i. Kò padà sí Òṣoògùn. Ní Ọ̀yọ́ níhìn-ín, lórí ilẹ̀ ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ ti St. Andrew's, a dá yunifásítì sílẹ̀ ní ọdún 2005 tí ó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀. Àjàyí sì ṣáájú Crowther nínú orúkọ náà. Ní oṣù kẹfà ọdún 2014, nígbà tí ó pé 150 ọdún tí a fi í jẹ Bíṣọ́ọ̀bù, Justin Welby tí ó jẹ́ Bíṣọ́ọ̀bù Àgbà Canterbury nígbà náà dúró nínú Kàtídírà Canterbury kan náà, ó sì tọrọ àforíjì fún ohun tí Ìjọ ṣe sí i.